Orógbó fún Onílẹ̀ Eagle Pass

Mọ̀dínátù Àbẹ̀bí kò dé Bàdágírì rí, bẹ́ẹ̀ Bàdágírì kò jìnnà sí Ìgándò tí wọ́n ti bí i. Èkó gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló wọ̀ ọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, ó sì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni orí fọ́ òun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Eagle Pass, ní ìpẹ̀kun Texas níbi tí Amẹ́ríkà ti bá Mẹ́síkò pààlà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Á sọ̀rọ̀ odò ibẹ̀ fún yín, á sọ̀rọ̀ afárá, á sọ ọdún tí àwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, èmi ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, síbẹ̀ òun ló yé jù mí lọ.

Àdíját ni orúkọ mi, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ní 1975, nígbà tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ń pa gbogbo ènìyàn bí ọtí, wọ́n gbé mi wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgándò, mo sì gba yàrá kan nílé Mọ̀dínátù, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣàfíù. Opó ni, ẹní ló ń hun tà, ọmọ ìdílé tó ni ilẹ̀ ní Ìgándò ni pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù dé, n kò tíì tú àpótí mi tó fi bi mí pé, "Ta ni o ti kí?" Mo ní mo ti kí i. Ó ní òun kọ́. Olórí ẹbí ńkọ́, ẹni tó ni ilẹ̀ tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ lé? Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, yàrá ni mo gbà, n ò ra ilẹ̀."  Ó fi orógbó mẹ́ta lé mi lọ́wọ́, ó sì fà mí lọ bí ẹni ń fa ewúrẹ́ relé.

Olórí ẹbí gba orógbó, ó bi mí ní orúkọ bàbá mi, ó ṣàdúà fún mi, ó tán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo Ìgándò ti mọ orúkọ mi. Ẹnìkan fi ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹlòmíràn wá tún fèrèsé mi ṣe láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn àlejò tí owó epo ń kó wá nígbà náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n á mú sọ̀féyọ̀ wá, wọ́n á ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀, wọ́n á mọ ògiri yí ara wọn ká. Ìyá Ṣàfíù á wò wọ́n títí, á ní, "Ẹni tí ò kí ará ilé, ta ni yóò bá a paná tí ilé rẹ̀ bá ń jó?" Mo máa ń rò pé àsọdùn ni.

Ṣàfíù nìkan ni ọmọ rẹ̀. Owó epo yẹn náà ni ìjọba fi rán an lọ sí Texas fún ọdún mẹ́ta, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, kí ó lè máa jó páìpù epo. Ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ wà ní Eagle Pass. Ìyá rẹ̀ kò mọ ìwé kà àfi Kùránì, nítorí náà èmi ni mo ń ka lẹ́tà, èmi ni mo sì ń kọ èsì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dùn. Ṣàfíù ní orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí Ọ̀nà Ẹyẹ Idì, nítorí idì tí àwọn èèyàn àtijọ́ ń rí tó ń fò kọjá níbẹ̀. Odò Rio Grande ni ààlà, afárá ni wọ́n sì ń gbà kọjá sí ìlú kejì ní Mẹ́síkò, èyí tí orúkọ tirẹ̀ túmọ̀ sí Òkúta Dúdú nítorí èédú tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ṣàfíù ní, "Ìdí-Ìrókò nìyẹn." Mo ní kì í ṣe Ìdí-Ìrókò. Ó ní, "Ààlà ń bẹ, ọjà ń bẹ, èdè méjì ń bẹ. Kí ló tún kù?" Mo gbé ìwé máàpù mi wá kí n fi ìyàtọ̀ hàn án, n kò rí Eagle Pass lórí rẹ̀ rárá, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà òjò ọdún 1976 ni lẹ́tà tó bà wá nínú jẹ́ dé. Ṣàfíù ní òun ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan. Ó ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun mọ́, pé òun lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹnì kankan má pe orúkọ òun, pé bí òun bá wọ ilé ìtajà, wọ́n á wo òun bí ẹni tó ṣìnà débẹ̀. Ó parí rẹ̀ báyìí: "Màámi, ẹ ṣáà sọ pé kí n máa bọ̀. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, màá di ẹrù mi." Mo kà á tán, n kò lè wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé tó bá padà wálé láìparí ẹ̀kọ́, ìjọba kò ní rán an lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní sí iṣẹ́ tí yóò dì mú.

Ìyá Ṣàfíù hun ẹní fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí. "Tísà, ta ni onílẹ̀ ibẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, Amẹ́ríkà mà nìyẹn. Ìjọba ló ni gbogbo ẹ̀."

"Ìjọba kì í gbélé kó gbàlejò. Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀? Ọmọ yìí ò tíì kí wọn ni. Ọdún kan ló ti ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀ bí olè, báwo ni oúnjẹ ṣe máa lọ lọ́fun ẹ̀?"

Lẹ́tà tó ní kí n kọ nìyí: Má tíì di ẹrù. Lọ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀, kí o sì fi orógbó yìí kí i. Bí o bá kiri gbogbo ìlú náà tí ẹnì kankan kò gbà á lọ́wọ́ rẹ, máa bọ̀ nílé, a jẹ́ pé ilẹ̀ náà kọ̀ ọ́. Mo fẹ́ fi ọgbọ́n yí i padà. Ojú ń tì mí pé àwọn Òyìnbó yóò fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti kọ ìlà méjì tó jẹ́ tèmi kí n tó rí i pé ó ń wo ọwọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí mo ń kọ, mo bá ya bébà náà, mo kọ tirẹ̀.

Ọmọ Akówonjó kan tó ń jẹ́ Olúgbénga, tóun náà ń kàwé ní Texas, wá kí àwọn òbí rẹ̀ nígbà náà. Orógbó mẹ́fà ni Ìyá Ṣàfíù dì fún un. Ó yí i wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní, "Màmá, wọ́n máa ní kí lèyí ní ẹapọ́ọ̀tù o." Ìyá Ṣàfíù ní kí ó sọ fún wọn pé oògùn ikọ́ ni, irọ́ sì kọ́.

Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí èsì tó dé. Ṣàfíù ní òun kọ́kọ́ bi ìyá tó ni ilé tí òun ń gbé, opó kan tó ń sọ èdè Sípáníìṣì. Ó kọ́kọ́ fi òun rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Ó ní abẹ́ ọba Sípéènì ni ilẹ̀ yẹn wà, ó bọ́ sọ́wọ́ Mẹ́síkò, ó bọ́ sọ́wọ́ Texas nígbà tí Texas ń dá dúró, ó wá di ti Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn ènìyàn òun kò ṣí kúrò níbẹ̀ rí, ààlà ló ń ṣí kọjá lórí wọn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, Ìyá Ṣàfíù gbá itan. Ó ní, "Àwa gan-an nìyẹn. Ní 1967, mo sùn lábẹ́ Ìbàdàn, mo jí lábẹ́ Èkó, n ò sì kúrò lórí ẹní mi." Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀, n kò gbọ́ ọ kó yé mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n opó náà kò gba orógbó. Ó ní kì í ṣe òun lẹni àkọ́kọ́. Ó rán Ṣàfíù sí bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ìwé ìtàn ìlú. Bàbá yẹn ní àwọn ṣọ́jà ló pàgọ́ sí etí odò ní 1849, tí ìlú fi yí wọn ká, àti pé ọ̀pọ̀ tó ń wá góòlù lọ sí Califọ́níà gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ṣáájú ogun tó fòpin sí òwò ẹrú lọ́dọ̀ wọn, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú máa ń sá dé etí odò yẹn, wọ́n á sọdá sí Mẹ́síkò, wọ́n á sì di òmìnira lódìkejì. Ìyá Ṣàfíù ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó bi mí bóyá gbogbo wọn ló sọdá. Mo ní n kò mọ̀, ìwé kò sọ ọ́. Ó ní kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ àwọn tó kù sínú omi, ó sì fi gèlè nu ojú rẹ̀.

Bàbá ìtàn náà kò gba orógbó. Ó ní lábẹ́ afárá ààlà, àwọn ará Kickapoo kan ń gbé nínú ilé tí wọ́n fi esùsú ṣe, pé wọ́n jẹ́ ọmọ àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà kí Òyìnbó tó dé. Ṣàfíù lọ bá wọn. Àgbà tó bá níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin, ó wá ní àlejò ni àwọn náà, pé apá òkè jíjìn níbi tí adágún ńlá wà ni àwọn bàbá àwọn ti ṣí wá, pé àwọn tí àwọn bá níbẹ̀ kò sí mọ́. Ṣàfíù kọ ọ́ pé: "Màámi, ìlú tí gbogbo èèyàn ti jẹ́ àlejò nìyí. Orógbó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màá lọ dágbére fún wọn ní Sunday, lẹ́yìn náà màá lọ bèèrè ọkọ̀ òfuurufú."

Mo sunkún nígbà tí mo ka ìyẹn. Ìyá Ṣàfíù kò sunkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbá yàrá ọmọ rẹ̀, ó kun ògiri rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní tó fẹ̀ tí kò gbà láti tà fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún àwọn tísà ẹgbẹ́ mi pé obìnrin yẹn lọ́kàn akin, pé ó ti gba kádàrá.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé e dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.  Ṣàfíù ní òun lọ dágbére lábẹ́ afárá, àgbà náà sì ní kí òun jókòó. Ó ní òun ti ń ro ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí òun ti gbọ́ ọ, pé kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn rí. Ó ní bí ẹni tó ni ilé kò bá sí nílé, ẹni tó wà nílé ló ń gbàlejò. Ó gba orógbó kan, ó fi ọ̀bẹ bó o, ó là á sí méjì, ó fún Ṣàfíù ní ìdajì. Ó korò lẹ́nu rẹ̀, ó fajú ro, ó sì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí opó onílé gbọ́, ó ní òun náà yóò gba tòun. Bàbá ìtàn gba tirẹ̀. Àwọn tí Ṣàfíù ti bi ní ìbéèrè káàkiri ìlú ti wá ń pè é lórúkọ, obìnrin kan tó ń ta èso lódìkejì afárá sì ń bi í lójoojúmọ́ bóyá ó ti rí onílẹ̀ rẹ̀. Ó ti tún ìdánwò tó fìdí rẹmi níbẹ̀ ṣe, ó sì yege. "Màámi, wọ́n gbà á. Mo ń dúró títí ọdún méjì tó kù á fi pé."

Mo fò sókè. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ." Ó ní, "Alhamdulillahi." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ẹkún tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo jókòó tì í lórí ẹní náà.

"Màmá, ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?"

"Ohun tí mo ní kó ṣe nìyẹn," ló wí. "Láti ọjọ́ tí Olúgbénga ti gbé orógbó yẹn lọ, kò sí ìrun kan tí mo kí tí n ò bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á."

 Èmi tí mo ti kà á sí akin fún gbogbo àwọn tísà, n kò mọ̀ pé ìyá kan ló ń tún yàrá ọmọ rẹ̀ ṣe dè é. Ó sunkún títí, ó fọn imú, ó sì ní kí n lọ mú bébà àti bírò wá.

"Kọ ọ́ sí i pé inú mi dùn."

Mo wo ojú rẹ̀ tó ṣì tutù. Mo ní, "Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jàre. Lẹ́tà á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà. Kó tó débẹ̀, á ti di òótọ́."