Àwọn Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Tí Alágbàfọ̀ Wẹ̀

Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi, ojú rẹ̀ kò sì gba ìdọ̀tí. Bí àlejò bá wọlé, ọrùn ẹ̀wù onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó kí i. Kódà, ó máa ń fọ àpò kó tó jù ú nù. Mo ti fara dà á fún ogún ọdún ó lé.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa lọ sílé ọkọ tán, ilé dákẹ́ jù fún mi, ni mo bá ra pẹ́pẹ́yẹ, takọ tabo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni abo yìí yé, ẹ̀ẹ̀mejì ni òtútù ba ẹyin jẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní irọ́ ni. Mo kan àpò sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ilé wọn, mo da koríko gbígbẹ sábẹ́ abo náà, mo sì gbé oúnjẹ sítòsí kó má baà pẹ́ níta. Ọjọ́ márùndínlógójì ni mo kà. Ọmọ méje yọ! Mo sunkún ayọ̀.

Mo ní kí n sáré lọ ra oúnjẹ wọn. Kí n tó dé, ọkọ mi ti ká apá ẹ̀wù sókè nídìí ọpọ́n ìfọṣọ.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo ń bá ẹ tún wọn ṣe ni. O ò rí bí èèpo ẹyin àti ìgbẹ́ ṣe kún ara wọn?"

Ó ti fi omi ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó tò wọ́n sórí táwẹ́ẹ̀lì. Ó kù díẹ̀ kó sá wọn sórí okùn.

"Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n? Nínú òtútù yìí?"

"Ọṣẹ tí kì í jẹ aṣọ ni. Pẹ́pẹ́yẹ ṣáà ni wọ́n, kí lomi fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Òróró ara ìyá wọn ni kì í jẹ́ kí omi wọ̀ wọ́n lára, òun ló sì fi ọṣẹ bó yẹn. Mo kó wọn padà sábẹ́ ìyá. Ìyá gbóòórùn ọṣẹ, ó ń fi ẹnu ṣá wọn dànù. Gbogbo wọn ń gbọ̀n.

Ọkọ mi ò jiyàn mọ́. Ó dáná èédú nínú yàrá tó ti ń lọ aṣọ, ó kó wọn sínú páálí, ó jókòó tì wọ́n. Méjì kú kó tó di ọ̀sán.

"Ìyàwó mi, má bínú."

Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí, ìyẹn ló wá bí mi nínú jù. Oníbàárà kan kanlẹ̀kùn, ó fẹ́ gba ẹ̀wù rẹ̀. Ọkọ mi ní kó padà wá lọ́la. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹta, márùn-ún tó kù ti lágbára. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo pè wọ́n títí. Kò sẹ́ni tó wojú mi. Bí ọkọ mi ṣe wúkọ́ báyìí, gbogbo wọn sáré tò tẹ̀lé e.

Èmi tí mo ka ọjọ́ márùndínlógójì ni mo wá ń bẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn ọmọ mi wá jẹun."