Ta Ló Ni Àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n Mi?

Òórùn kẹrosíìnì ni mo gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, ara mi sì bù máṣọ. Gáàsì ni a fi ń dáná nínú ilé mi ní Ijapo níbí, ó sì ti pẹ́ tí sítóòfù ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo tẹ̀lé òórùn náà dé ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi Fọlákẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, iṣu tí wọ́n bẹ dé ìdajì wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ìró wọn, wọ́n sì ń fara balẹ̀ da kẹrosíìnì láti inú ìgò oògùn ikọ́ sórí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Mò ń tọ́jú ara mi." Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ní àtọ̀gbẹ. Nítorí dókítà ni wọ́n ṣe wá láti Oǹdó sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́, dókítà náà sì ti kìlọ̀ lójú mi pé egbò kékeré tí a kò bá tètè tọ́jú lè gba odidi ìka lọ́wọ́ wọn. Ìgò kẹrosíìnì yẹn kò sì ti ilé mi jáde. Láti Oǹdó ni wọ́n ti fi ọ̀rá wé e, tí wọ́n tì í bọ àárín aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú báàgì, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, èèyàn kò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ìdálẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ kò lè mọ ìdí tí orí mi fi gbóná tó bẹ́ẹ̀, àfi tí mo bá mú yín padà sí agboolé wa ní Oǹdó. Ilé alámọ̀ ni, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, kòkó tí a sá sórí ẹní kì í tán ní ojúde, òórùn rẹ̀ kíkan sì máa ń tẹ̀lé wa wọ inú aṣọ ilé ìwé. Ìlú tí a ti bí wa yìí, ẹni tí kò tíì jẹ iyán kò tíì jẹun lójú tirẹ̀. Odó kì í sinmi ní ọ̀sán. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń bẹ iṣu lójoojúmọ́, ọbẹ kò ní ṣàì gé èèyàn.

Bí ọmọ kan bá wá gé ara rẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn agboolé ló ń ṣí. Ìyá Adé, ìyàwó àbúrò bàbá wa, á gbé kẹrosíìnì dé. Bàbá Tísà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, á mú ìkòkò áásà tí wọ́n máa ń fà símú bọ̀. Yèyé, ìyá bàbá wa, á já ewé kan tó ń hù káàkiri ẹ̀yìn ilé, ewé tí wọ́n fi orúkọ àwọn olóṣèlú sọ, tó fi jẹ́ pé orúkọ tí o bá pè é ni a ó fi mọ ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ ń ṣe. Òfin agboolé wa sì ni pé ẹni tí oògùn rẹ̀ bá dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni ó ni egbò. Òun nìkan ló lè tú aṣọ tí a fi dì í. Ibi tó bá ní kí ọmọ má lọ, ọmọ kò gbọdọ̀ lọ. Kódà ìyá tó bí ọmọ á kọ́kọ́ tọrọ àyè kí ó tó wẹ̀ ẹ́. Bí egbò bá jinná tán, iyì rẹ̀ ńkọ́? Odidi oṣù ni a ó fi máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, kété tí bàbá wa padà sí Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ọbẹ yọ̀ lára iṣu, ó sì wọ àtàǹpàkò òsì ẹ̀gbọ́n mi. Ó jìn. Kẹrosíìnì dé, áásà dé, ewé dé. Abẹ́ ewé Yèyé ni ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ìyá Adé ní kẹrosíìnì òun ló dá a, ewé kàn wá bá a níbẹ̀ ni. Bàbá Tísà fi gẹ̀ẹ́sì sọ tiwọn, kò sì yé ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ń jà lórí egbò, ọmọ tó ni ọwọ́ ń sunkún. Ìyá wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìyàwó ilé ni wọ́n, wọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Yèyé ni wọ́n dá láre pé àwọn ló ni egbò náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán níbẹ̀. Nígbà tí Yèyé lọ sí oko kòkó, Ìyá Adé yọ́ tú aṣọ náà, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n sì dì í padà bí ó ṣe wà. Nígbà tí Ìyá Adé lọ sọ́jà, Bàbá Tísà náà ṣe tiwọn. Yèyé wá ń ṣe kàyéfì pé egbò yìí kò gbọ́ràn sí ewé òun lẹ́nu, wọ́n sì ń fi ewé kún ewé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti wú dé ọrùn ọwọ́, ara wọn sì gbóná bí ààrò.

Bàbá wa dé ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbọ́ òórùn ọwọ́ náà láti ẹnu ọ̀nà, wọn kò jókòó. Ọsibítù ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Nọ́ọ̀sì tú aṣọ, ó yọ eléyìí, ó yọ tọ̀hún, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ta ló se ọbẹ̀ yìí?" Dókítà ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, gígé ni àwọn ì bá gé ìka náà. Ìka náà dúró, ṣùgbọ́n kò ká mọ́ láti ọjọ́ yẹn di òní.

Nígbà tí a délé, bàbá wa dúró ní ojúde, wọ́n béèrè ẹni tó ń tọ́jú egbò náà. Yèyé ní ewé kò ba ọwọ́ ọmọ jẹ́ rí, kí wọ́n bi kẹrosíìnì. Ìyá Adé ní kí wọ́n bi áásà. Bàbá Tísà ní olùkọ́ kì í ṣe dókítà. Egbò tí gbogbo wọn ń dù lọ́jọ́ Àìkú ti di ọmọ òrukàn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọwọ́ wọn wà nínú báńdéèjì funfun, wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ta wá ló ni í?" Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Inú ṣì ń bí mi sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Àtàǹpàkò tí kò ká, tí kò lè yà fún ọbẹ, òun náà ni ọbẹ tún bá ní ilé ìdáná mi. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ẹkòló, á sá. Ẹ̀gbọ́n tèmi rí ejò tán, wọ́n tún dì í sínú báàgì. Mo pariwo. Ọmọ-ọmọ mi sáré dé pẹ̀lú fóònù, ó ń ka ohun tó rí lórí rẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ká da ṣúgà sí i o." Ṣúgà! Fún alátọ̀gbẹ! Mo ní kí ó gbé fóònù náà kúrò lójú mi.

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà, mo fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́. A dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, èmi ń tẹ ìka, àwọn ń bú mi, títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo ní ká máa lọ sí ọsibítù. Wọ́n kọ̀.

"Abẹ́rẹ́ kọ́ ni mo bá dìde o. Usu mi ni mo fẹ́ gún."

Mo bẹ̀ wọ́n, mo jágbe, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àfi bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni ojúde wa wá sí mi lọ́kàn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló dá ẹ̀jẹ̀ yìí dúró?"

Wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ti mọ ibi tí mò ń lọ. Wọ́n ní, "Ìwọ ni."

"Èmi ni mo ni egbò nìyẹn. Egbò mi ń lọ sí ọsibítù báyìí. Bí ó bá wù yín, ẹ tẹ̀lé e."

Wọ́n ní kí n bá wọn mú gèlè wọn wá.

Nínú kẹ̀kẹ́ márúwà, mò ń wo àwọn fẹ́ǹsì gíga àdúgbò wa. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mo pa, géètì kan kò ṣí. Aládùúgbò mi ará Ìkàrẹ́ nìkan ló pè mí lórí fóònù, ó ń béèrè bóyá olè ni. N kò ní í purọ́, àárò áásà Bàbá Tísà kò sọ mí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó padà wá. Ṣùgbọ́n àárò ìró àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣí tẹ̀lé ara wọn nítorí ẹkún ọmọ kan, ń sọ mí gan-an.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì, ó béèrè ẹni tó dà á sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àjà. Ó fún wọn lábẹ́rẹ́, ó di ìka náà dáadáa, ó wá ní, "Màmá, ta ló máa bójú tó egbò yìí nílé?"

Mo ti la ẹnu láti dáhùn kí ẹ̀gbọ́n mi tó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

"Àbúrò mi yìí," ni wọ́n wí. "Òun ló ni í."