Ojú Iná Lára Awọ Ẹkùn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi àmì sórí máàpù. Ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ayigya, ní Kumasi, la wà, a ń wá ibi tí ẹkùn ṣì kù sí nínú igbó Gánà. Àwọn kan á lọ bi àwọn ọdẹ àti oníṣòwò léèrè, wọn á ya fọ́tò. Èmi á yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò níwájú kọ̀ǹpútà, màá sì fi àmì pupa síbi tí ẹkùn bá wà. Èmi kì í fi àmì tí kò dá mi lójú síbì kankan. Ẹnu mi mú lórí ìyẹn, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àmì kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀gá mi, obìnrin Asante kan tí inú rẹ̀ kì í tètè dùn, ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Ẹnì kan ní Asawase ní awọ ẹkùn, ó sì sọ pé igbó kan tí kò jìnnà sí Kumasi ni ọdẹ ti pa á, lọ́dún tó kọjá. Lọ́la ni àwọn ará ìjọba ń bọ̀ wá gba máàpù. Ibi tí àmì bá wà ni wọn yóò kó kámẹ́rà àti ẹ̀ṣọ́ lọ, kámẹ́rà wọn ò sì pọ̀. Bí wọ́n bá kó o lọ síbi tí ẹkùn kò sí, ibi tó wà gan-an ò ní rí ẹni ṣọ́ ọ.

Mo ṣí fọ́tò náà. Mo mọ awọ náà.

Lẹ́bàá ìdí ìrù, irun ti jó ní ṣóńṣó, bí imú áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù náà sì ni. Èmi ni mo jó o. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mò ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ jalàbíà bàbá mi, mo bá gbé e kalẹ̀ sórí awọ tí wọ́n fi ń kírun, mo lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì lè kà á. Bàbá bàbá mi ló gbé awọ náà láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ẹkùn yẹn ò dé Gánà rí, àfi ìgbà tí wọ́n ká a sínú àpò.

Mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé orí ń fọ́ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Asawase. Inú ń bí mi. Ládàánì ni bàbá mi, gbogbo àdúgbò ló ń gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú irọ́?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, wọ́n jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù fìlà wọn, lórí awọ náà gan-an. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò dúró gba ìdáhùn.

"Baba, ọdẹ wo ló pa ẹkùn yìí lọ́dún tó kọjá?"

Wọ́n wolẹ̀. "Àwọn ọmọ tó ya fọ́tò yẹn wá, wọ́n ní, 'Alhaji, ɛfiri he?' Níbo ló ti wá."

"Ẹ wá ní ibí ni?"

"Kí ni kí n sọ?" Ohùn wọn le. "Nígbà tí ìjọba ń lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, wọn ò tíì bí ọ. Ẹnu ọ̀nà yìí ni àwọn ọlọ́pàá dúró sí, wọ́n bi bàbá mi, wofiri he, níbo lo ti wá? Bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Wallahi, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, a ti ń kó ẹrù sínú lọ́rì. Ọdún mélòó ká tó rí ọ̀nà padà! Látìgbà yẹn, ẹni tó bá bi mí níbo, ibí ni. Fìlà, ibí ni. Awọ, ibí ni. Àwọn ọmọ náà tún ní igbó wo, mo dárúkọ èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu."

Ìbínú mi tán, ó ku ẹ̀rù. Bí mo bá yọ àmì náà, mo gbọ́dọ̀ kọ ibi tí awọ ti wá gan-an sínú ìwé. Ọwọ́ ara mi ni màá fi kọ Nàìjíríà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá mi, ìwé náà á sì dé ọwọ́ ìjọba. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo fi máàpù hàn wọ́n lórí fóònù.

"Èwo ni tèmi?"

Mo fi hàn wọ́n.

"Tá a bá fi í sílẹ̀, ẹkùn tó wà níbòmíì ńkọ́?"

"Àwọn ọdẹ á pa á, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀."

Oníbàárà kan béèrè fìlà, wọn ò dá a lóhùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n dìde lórí awọ náà, wọ́n fọwọ́ pa ojú iná yẹn, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Yọ ọ́. Kọ ọ́ pé awọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá." Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé náà lórí fóònù nígbà tí wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Tí àyè bá wà fún ibi tí ẹni tó ni ín ti wá, Kumasi ni kó o kọ síbẹ̀. Kọ ọ́ kí n rí i."

Kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Mo wá ibì kan nísàlẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀.