Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Kò Yí Ọrùn Màámi Ká Mọ́

Bí òórùn dòdò Ìkirè bá ti gba fèrèsé ọkọ̀ wọlé, ọwọ́ mi á lọ bá ìlẹ̀kẹ̀ pupa ọrùn mi.

Ọ̀sán ọyẹ́ kan ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èmi ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà, Màámi ń làágùn nídìí agbada dòdò. Wọ́n ti rù, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n débi pé ewé tí wọ́n fi ń di dòdò ń já bọ́.

Ìyá ẹlẹ́pa tó jókòó tì wá sọ fún Màámi pé, "Má dààmú, nǹkan oṣù ló fẹ́ dáwọ́ dúró. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn."

Nígbà tí a délé, a ń múra láti lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Àpòmù, Màámi ní kí n bá àwọn so ìlẹ̀kẹ̀ pupa wọn mọ́ ọrùn. Mo fà á títí, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ò pàdé.

"Ó ti kéré jù. Gbà, ó di tìẹ!"

Háà! Tèmi! Mo sáré yí àgbàlá po, mo ń kígbe.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni dókítà sọ pé gẹ̀gẹ̀ ló ń ṣe wọ́n látìgbà yẹn, òun ló ń mú wọn làágùn, tí ọwọ́ wọn fi ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mò ń jó, Màámi ń pàtẹ́wọ́ fún mi, inú wa ń dùn ṣìnkìn, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí tí ọrùn ẹni tó ń rù fi ń tóbi sí i.