Òṣèré Amẹ́ríkà Tí Mo Kọ́ ní Ìdágbére

Àwọn ọjọ́ kan wà ní Toronto yìí tí ó jẹ́ pé ọ̀sán á ti pọ́n kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi, "thank you" ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì jẹ́, sí ọmọbìnrin tí ó ń gba owó ní ilé ìtajà. Bí mo bá sọ ọ́, ohùn mi a ha bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi èdè Yorùbá jẹun ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi. Mo kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ní ilé mi ní Ìbàdàn, àlejò a máa gbé ìwé kúrò lórí àga kí ó tó rí ibi jókòó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí mo sì ń dá gbé nínú kọ́ńdò, ilé kékeré kan nínú ilé alájà gíga, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópó ńlá, mo ń gbé èdè náà kiri bí ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé wá sí ìlú tí ilé náà kò sí.

Ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Brooklin, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Toronto níbí, ni ó pè mí lórí fóònù bí ìgbà òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

"Bàbá, àwọn kan ń ya eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà níbí. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́ òṣèré wọn ní Yorùbá. Mo ti fún wọn ní nọ́ńbà yín."

"Ta ni ó ní kí o fún wọn?"

"Ẹ máa bínú lọ lọ́nà ibẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà lọ."

Mo lọ. Wọ́n mú mi wọ yàrá tóóró kan tí a kọ́ sórí táyà lẹ́bàá sitúdíò, mo sì bá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀, ó ga, ó hewú, ó ń mu tíì gbígbóná pẹ̀lú oyin. Ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Èmi àti ìyàwó mi ti wò ó ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ láìmọ ẹni tí à ń wò: òun ni adájọ́, òun ni ọ̀gá ọlọ́pàá, òun ni dókítà tí ó ń mú ìròyìn burúkú wá.

"Àwọn ènìyàn máa ń dá mi dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú," ni ó wí nígbà tí mo sọ èyí fún un. "Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, 'Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò ní ilé ìwé ni?' Mo máa ń dáhùn pé èmi ni. Mo sì máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n sọ ohun kan. Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin yìí ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ ẹni tí ó jẹ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń tẹ orí ba bí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí kì í sì í jókòó kí n tó jókòó, ìwà ẹni tí ó ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe fi "ẹ" sí i lẹ́nu níhìn-ín.

Orí ìtàgé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣeré ní Niú Yọ́ọ̀kì ní alaalẹ́ fún àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbóòórùn òógùn rẹ̀. Ó kọrin, ó jó, ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọba. Nígbà tí ọmọ dé, tí ilé ń fẹ́ oúnjẹ, ó wọ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fi tábìlì kan síwájú rẹ̀ tí kò tún kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

"Bí n kò bá sí lẹ́yìn tábìlì," ó wí, "a jẹ́ pé wọ́n ti yìnbọn pa mí. Mo ti kú lórí tẹlifíṣọ̀n títí ikú fi sú mi. Wọn kò jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni rí."

Orí èyí ni ohun gbogbo dúró lé. Nínú eré tuntun náà, ó jẹ́ àgbàlagbà Yorùbá kan tí ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí kì í sọ nǹkan kan ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ kú sí ilé ìwòsàn. Ó rìn lọ síbi bẹ́ẹ̀dì, ó sì dágbére fún un ní èdè tí ó bá a wáyé. Nítorí ìran yẹn ni ó ṣe gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n olùdarí eré, obìnrin kan tí kò dàgbà tó ọmọ mi, ti kìlọ̀ fún un: bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ kí ọjọ́ tí wọn yóò yà á tó pé, òun yóò yọ ọ̀rọ̀ kúrò, kí ó kàn di ọwọ́ obìnrin náà mú, kí ó dákẹ́.

A fi ọjọ́ orí wé ara wa. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, mo sì ní kí ó máa pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ó gbìyànjú. Ohun tí ó jáde ni eégbọn.

"Kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá ni o pè mí yẹn," mo wí.

"Ẹ dárí jì mí."

"Bí o bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, màá mu ẹ̀jẹ̀ tìrẹ."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé tíì rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi ní ojúkojú.

Lẹ́yìn èyí ni mo wo ìwé eré. Ẹnìkan ti fi ẹ̀rọ túmọ̀ ìdágbére náà: "Ó dàbọ̀, olólùfẹ́ mi." Mo bọ́ awò ojú mi, mo sì ní kí wọ́n pe olùdarí eré wá. Mo ṣàlàyé fún un pé àbọ̀ wà nínú "ó dàbọ̀". Ẹni tí yóò padà wá ni à ń sọ ọ́ fún. A kì í sọ ọ́ fún òkú.

"Ṣùgbọ́n ìyẹn mà dára," ni obìnrin náà wí. "Ó fẹ́ kí ó padà wá ni."

"Ìyá mi, níbi tiwa, bí òkú bá padà wá, àwọn alààyè ni í kó kúrò nílé."

Mo tún sọ fún un pé ọkùnrin tí ó tó wa lọ́jọ́ orí kì í pe ìyàwó rẹ̀ ní olólùfẹ́ níwájú nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo aago, ó sì fi mí sílẹ̀ pé kí n kọ èyí tí ó bá tọ́, kí ó má ṣáà gùn. Mo kọ ọ́: "Ìyá àwọn ọmọ mi, sùn un re. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá." Kò yé e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òṣèré náà ni ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ó di ìgbà tí a bá ṣèèṣì pàdé lọ́nà. Ó di inú oorun. Ó mú kálámù, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Bí mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìbàdàn ni mo kọ́ ọ, pẹ̀lú dò, re, mí. Ẹni tí ó ti kọrin jẹun ni, etí rẹ̀ sì yá. Mí, dò dò dò dò. Mí, re mí, dò mí. A ń kọ ọ́ bí orin láìsọ ọ̀rọ̀ kan, òun ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá tóóró náà, èmi ń fi ọwọ́ lu orúnkún. Ohùn kọ̀ọ̀kan wá bọ́ sí àyè rẹ̀ láìpẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ṣùgbọ́n bí ó ti fi ìbànújẹ́ sí i báyìí, ó bàjẹ́. Ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ ọ lórí ìtàgé ni pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa rọ ohùn sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀. Bí ó bá dé ìparí, ohùn rẹ̀ a ṣubú, àlá a sì di àlà. Dípò kí ó sọ pé ó di inú oorun, aṣọ funfun ni ó ń kí. A tún un ṣe. Ó tún ṣubú. Bí ẹkún rẹ̀ ti ń jọ òótọ́ tó ni Yorùbá rẹ̀ ń jọ irọ́ tó.

"N kò lè ṣe méjèèjì pọ̀," ó wí níkẹyìn. Ó jókòó sílẹ̀ kí n tó jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Wọn yóò yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ìbá yọ ọ́."

"Ìbànújẹ́ yín ni ó ń sọ̀kalẹ̀," mo dá a lóhùn. "Tiwa kò láyè láti sọ̀kalẹ̀. Èdè kò gbà fún un. Bí o bá fẹ́ sunkún, sunkún lórí àwọn dò mẹ́rin inú 'dàrìnnàkò' yẹn, ibẹ̀ jìn tó kòtò. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé àlá, o gbọ́dọ̀ gòkè, bí ó tilẹ̀ wù ọ́ kí o wólẹ̀. Gígòkè yẹn gan-an ni ọ̀fọ̀."

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ bá mi sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́. Ègé ègé ni ẹ ń fún mi láti ọjọ́ yìí."

Mo ní olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe òṣèré.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo to ìwé mi jọ, mo tú u ká, mo tún un tò. Ó ń wò mí pẹ̀lú ojú adájọ́ rẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ta ni ó kú?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ìyàwó mi lọ sílé láti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì ní pẹ́. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ó ní kí n má gbàgbé oògùn mi, mo ní ó dàbọ̀. Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni ó kú sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkàn mi, dókítà kò sì jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú rẹ̀. Àwòrán náà ń dúró, ó ń lọ. Nígbà tí ó mọ́ dáadáa, wọ́n ti ń kó àga.

Kò kí mi kú àṣẹ̀hìndè, wọn kò kọ́ ọ. Ó dìde, ó bu tíì fún mi, ó fi oyin sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn dò. Kò tún bẹ̀ mí mọ́ pé kí n sọ gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n yà á, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí mi létí, mo sì jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé kan níwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ó wọ inú yàrá ilé ìwòsàn tí wọ́n fi pákó kọ́. Ó dúró. Ó sọ ọ́. Àwọn dò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí ń wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, mo sì di àga mú, nítorí mo mọ ibi tí ó máa ń ṣubú sí. Kò ṣubú. Ohùn rẹ̀ gòkè, ó gbọ̀n, ó sì dúró lókè. Ọkùnrin tí ó di kámẹ́rà mú kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó sì ń fi èjìká nu ojú.

Olùdarí eré ní ó ti tó, ó dára púpọ̀. Obìnrin tí ó kú sì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bèèrè kọfí.

Òṣèré náà padà sí ìlú rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù nígbà mélòó kan, "Ẹ̀gbọ́n" sì mọ́ gaara lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ gbé e lọ síbòmíràn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn. Mo padà sí kọ́ńdò mi.

Nígbà tí eré náà jáde, ọmọ mi wá fi mọ́tò gbé mi lọ sí Brooklin lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó jókòó tì mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn, dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti ṣe ìyànjú láti má fọ́nnu, mo sì ti fọ́nnu. Mo ní kí wọ́n tẹ́tí sí ohùn ìparí.

Ìran náà dé. Bí ó ti la ẹnu, orin dé pẹ̀lú rẹ̀, dùùrù àti fayolíìnì, ó bo gbogbo ẹ̀. Ẹnu ọkùnrin náà ń lọ, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ wẹ́wẹ́: "Goodbye, my love."

Ọmọ mi gbé ọwọ́ lé mi lọ́wọ́. "Wọn ò ṣe é dáadáa, Bàbá."

"Grandpa," ọmọ rẹ̀ wí, "what did he actually say?"

Kí n tó dáhùn, ó ti fi rìmóòtù dá eré náà padà sẹ́yìn, ó sì ti pa ohùn rẹ̀. Ọkùnrin náà tún wọlé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó la ẹnu. Mo mọ ètè yẹn ju bí mo ti mọ tèmi lọ. Mo bá a sọ ọ́.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, sùn un re. Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá."

Ohùn mi kò ha. Ibi tí ètè rẹ̀ lọ ni ohùn mi lọ, àwa méjèèjì sọ̀kalẹ̀ pọ̀, a sì gòkè pọ̀. Nígbà tí a parí, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n náà pa ojú rẹ̀ dé. Èmi kò lè pa tèmi dé, nítorí ọmọbìnrin mi, ọmọ ìyá tí mo ń dágbére fún, ń wò mí.