Sukudiráfà Létí

Bí mo bá rí sukudiráfà, mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Mayfair ni mo máa ń rántí. Yóò fi ẹnu sukudiráfà kan ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ sétí, yóò sì dijú. “Irin kì í purọ́, ẹ̀gbọ́n,” lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Nígbà kan, ó tú ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá, ó dè wọ́n mọ́ jíìpù àtijọ́ mi. Durban là ń lọ, ìrìn wákàtí mẹ́fà. Àwọn ọmọ ti jókòó sẹ́yìn, mo ti di sitíárìn mú. Mẹkáníìkì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó tún tẹ́tí. Ó nawọ́ wọnú ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Mo fi ẹ̀rín bi í: “Kí ló wí?”

“Eish, ó lóun ò ní dé Durban. Ẹ sọ àwọn ọmọ kalẹ̀.”

Ẹ̀rù ò bà mí o. Èmi ni mo ṣáà kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.