Epo Pupa Tí Ògúnjọbí Bu Fún Ọkọ̀

Kò sí irin tó gbọ́dọ̀ ṣorí kunkun sí Ògúnjọbí ní gbogbo Adja-Ouèrè. Bàbá rẹ̀ rọ ọkọ́, bàbá bàbá rẹ̀ rọ ọ̀kọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń tún ìbọn ọdẹ ṣe débi pé ìbọn tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ a máa rí ẹran kí ọdẹ tó rí i. Ẹni tó bá jiyàn, kó lọ bi ẹtu inú igbó. Kẹ̀kẹ́ tó bá bàjẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tó bá yarọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá láti Kpoulou títí dé Oko-Akarè. Oògùn kan ṣoṣo ló sì ní fún gbogbo wọn: epo pupa. Lọ́dọọdún tí àwọn alágbẹ̀dẹ bá ń bọ Ògún, epo pupa ni wọ́n ń ta sórí owú tí wọ́n fi ń rọ irin. "Irin kò kọ epo rí," bẹ́ẹ̀ ni Ògúnjọbí máa ń wí.

Ó ní àbúrò kan, Abọ́dúndé, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń dáko ní Kpoulou. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ó fa ọwọ́ Abọ́dúndé lé Ògúnjọbí lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ lo ṣáájú rẹ̀ wá sáyé. Má jẹ́ kó ṣáájú rẹ lọ."

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí èèyàn ní Dàhómè lè sùn lábẹ́ ààrẹ kan kó jí lábẹ́ òmíràn, òyìnbó kan tó ń ra ekùrọ́ palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí ìlú rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sílẹ̀, ògbólógbòó ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó gùn débi pé bí imú rẹ̀ bá wọ ọjà, ìdí rẹ̀ ṣì wà lóko. Kò lè rìn mọ́. Ewúrẹ́ ni Ògúnjọbí fi gbà á. Ó tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, ó tò ó padà, ẹ̀rọ náà sì bú ramúramù tí gbogbo ẹyẹ orí ìrókò fi ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kúrò lójú kan.

Ràṣídì, ọmọ Àbúdùlàhí, tó ń wa kámíọ̀n ekùrọ́ lọ sí Porto-Novo, wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Ó jáde pẹ̀lú ìka pupa.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí yàtọ̀ sí tiwa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà. Àpótí irin tó ń gbé agbára ẹ̀rọ lọ sí táyà, òun ló ti jo epo rẹ̀ dànù."

Ògúnjọbí fa garawa epo dúdú mọ́ra. "Ṣé kí n bu èyí sí i?"

"Ẹ má dán an wò! Èyí ki jù, ti kámíọ̀n ni. Epo tirẹ̀ pupa, ó sì ń ṣàn bí omi. Cotonou ni wọ́n ti ń tà á. Mo máa bá yín mú agolo kan bọ̀."

"Pupa?" Ògúnjọbí fi ìka ra ìka Ràṣídì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ràṣídì, o fẹ́ lọ ra epo pupa ní Cotonou? Ìwọ tí ìyá rẹ ń fún epo?"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe epo ọbẹ̀ o."

"Kí ni òyìnbó ń rà lọ́wọ́ wa láti ayé bàbá ńlá wa? Wọ́n lọ sè é, wọ́n rọ ọ́ sínú agolo, wọ́n tún gbé e padà wá tà fún wa!"

Gbogbo èèyàn tó ń wòran rẹ́rìn-ín. Ràṣídì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí. "Ẹ ṣáà dúró dè mí di ọjọ́ ọjà." Ó gun kámíọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Ògúnjọbí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta bí ata. Ó pe Ìyábùnmi ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé kèǹgbè epo wá.

"Bàbá Adùnọlá, ẹ fẹ́ fi epo mi fún irin mu? Ṣé irin ló máa bá mi kiri rẹ̀ lọ́jà?"

"Irin ló máa gbé ọ lọ sọ́jà, wàá jókòó gẹlẹtẹ bí ìyá ààrẹ."

Ó fi aṣọ funfun sẹ́ epo náà kó má bàa ní pàǹtí, ó rọ ọ́ sínú àpótí irin. Ọkọ̀ mì, ó rìn! Ó yí ọjà ká, Ògúnjọbí na apá síta bí ọba. Àwọn obìnrin ń pariwo, àwọn àgbà ń ṣí fìlà. Ní ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá ní kó wà á lọ sí ọ̀run, yóò bi yín ní ọ̀nà ni.

Ọyẹ́ ló wà lóde nígbà náà. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, òtútù ń gé ètè, nígbà tí Fábíyì àti àwọn ará oko Kpoulou dé pẹ̀lú Abọ́dúndé nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi, tí wọ́n gbé lé èjìká. Ìpá tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́ ló yọ jáde, tó le bí òkúta, tí kò padà wọlé mọ́. Ó ń bì.

"Ilé ìwòsàn Pobè la forí lé," Fábíyì wí. "A ní ká kàn sọ fún yín. Bí a ò bá dúró, a ó ti dé kí oòrùn tó le."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa gbé àbúrò rẹ̀ bí ẹran ìgbẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ti mọ́ wa lára. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Mo ní ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!"

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀rọ bú, èéfín sọ, ọkọ̀ kò mira. Ògúnjọbí tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Igbe ẹ̀rọ náà jí gbogbo àdúgbò, táyà kò yí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Abọ́dúndé wí pẹ̀lú ojú dídì, "ṣé a ti dé?"

Ìyábùnmi jáde láti inú ilé ìdáná. Kèǹgbè epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da ẹnu kèǹgbè náà délẹ̀. Ẹ̀kán epo kan kò já bọ́. Ó ti dì gbagidi bí ẹ̀kọ tútù.

Ta ni kò mọ̀ ní Adja-Ouèrè pé epo a máa dì lásìkò ọyẹ́? Ọmọ tó ń rá mọ̀ ọ́n. Ògúnjọbí náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nínú ọbẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e, ẹ̀gbọ́n," Fábíyì bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ kó èésan wá. Ẹ dáná sí i lábẹ́."

Wọ́n kó èésan ekùrọ́, wọ́n dáná sábẹ́ ọkọ̀. Oòrùn yọ, oòrùn gòkè, Abọ́dúndé ń kérora lórí iná náà. Nígbà tó yá, epo yọ́, ọkọ̀ sún. Ògúnjọbí kígbe ayọ̀, ó wà á lọ, eruku bo Fábíyì àti àwọn tó kù.

Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ké ju bí ọkọ̀ ti ń rìn lọ. Èéfín ń jáde nílẹ̀ ọkọ̀, òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń dín àkàrà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Abọ́dúndé bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "kí lẹ ń dín?"

Ọkọ̀ dúró láàárín oko ọ̀pẹ, kò sì rìn mọ́ títí ayé. Igi àti aṣọ tí wọ́n fi gbé aláìsàn wà nílé alágbẹ̀dẹ. Ògúnjọbí pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn bí ìyá ti ń pọn ọmọ, ó kọrí sí Pobè. Ó ń rìn, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ibẹ̀ ni Fábíyì àti àwọn yòókù sáré bá a, igi wà ní èjìká wọn.

Fábíyì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó ń fì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ilé ìwòsàn ni mò ń gbé e lọ."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ti tutù."

Lọ́jọ́ ọjà, Ràṣídì gbé agolo epo dé. Wọ́n ti sin Abọ́dúndé sí Kpoulou. Ó gbé agolo náà kalẹ̀ lẹ́bàá owú, ó sì lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Ògúnjọbí kò ṣí i rí. Ó ṣì ń rọ ọkọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ta epo fún Ògún lọ́dọọdún, ẹ̀yìn ògiri ló ń dúró sí. Bí ọyẹ́ bá sì dé, òun ni yóò kọ́kọ́ jí nínú ilé. Yóò gbé kèǹgbè Ìyábùnmi sẹ́bàá iná, yóò jókòó tì í títí epo yóò fi yọ́.